Orúkọ Tí Màmá Kò Lè Pè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé kíkọ mi ṣẹ̀sín. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà; bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọmọ kékeré ṣì ni mí nígbà náà, ní Ìjoún, lọ́dọ̀ Màmá tó bí bàbá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti yunifásítì Ayétòrò, ó ní òun ń gba ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré lé orí àpótí. Màmá ń bẹ ẹ̀gẹ́, ó ń ròyìn àbúrò ọkọ rẹ̀ tó sọdá ẹnubodè sí Kétu láti ṣiṣẹ́ oko, tí kò padà wá mọ́. Ó ní kí òun tó kú, òun fẹ́ gbọ́ bóyá ó bímọ síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, “Màmá, mò ń lọ sí Kétu lọ́tunla. Kí lorúkọ wọn, kí n bá yín bèèrè?”

“Akọ́wé ni mo ń pè wọ́n.”

“Akọ́wé pọ̀ ní Kétu, Màmá. Orúkọ gan-an ńkọ́?”

“Ìwọ ọmọ yìí! Kí n pe ọkọ mi lórúkọ? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́run ni?”

Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ó máa ń sọ wọ́n lórúkọ tirẹ̀ ni. Àwọn yòókù tó mọ orúkọ náà ti kú tán. Màmá fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní, “Ọmọ onílé ni ẹ́. Sọ fún un, ọkọ mi.”

Ojú tì mí. Ẹnu mi ò ṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró títí, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀. Màmá kò bá mi wí. Ó mú ọ̀bẹ, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Kò tún sọ orúkọ náà mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù yín ń gba ohùn àwọn màmá yín lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gba ti Màmá mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà, tó ti di olùkọ́ báyìí, fi ohùn ọ̀hún ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ilé jókòó tì í. Màmá ní, “Sọ fún un, ọkọ mi.” Ewúrẹ́ kan ké. Kò sí ohùn mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín: “Ta ni odi yìí?”

Mi ò sunkún. Ara mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gun ọ̀kadà, mo sọdá sí Kétu. Mo tọ bàbá àgbà kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà lọ, mo kúnlẹ̀, mo sì pe orúkọ náà sókè.