Aṣọ Ọmọ Tí Mo Fi Dí Ihò

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí a tan ẹ̀rọ omi gbígbóná nílé wa ní Òkè-Àgbò, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa.

Làmídì ọkọ mi ló gbé e bọ̀ láti ìlú òyìnbó nítorí ìkókó wa. Ó kàn án mọ́ ògiri balùwẹ̀, ó so páìpù omi àti ti gáàsì mọ́ ọn, ó sì lu ihò kan sókè ògiri. Ó ṣáná sí i. Iná náà jáde láwọ̀ aró, omi sì gbóná.

Ó ní, "Ẹ má dí ihò yìí o. Ibẹ̀ ni èéfín ń gbà jáde."

Mo wò ó títí, n kò rí èéfín kankan. Èéfín igi tó ń ta ni lójú ni mo mọ̀. Ọyẹ́ ni mo rí tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí Làmídì ti jáde, mo ká aṣọ ọmọ, mo fi dí i.

Ìyá Làmídì, tó wá bá wa tọ́jú ọmọ, gbé ọmọ fún mi. "Ìyàwó, jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi wẹ̀ wò, kí omi òyìnbó má baà bó ọmọ lára."

Ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń kọrin. Nígbà tó yá, omi nìkan ni mo ń gbọ́. Mo pè é títí, kò dáhùn. Mo ṣílẹ̀kùn. Ìyá jókòó ti ògiri, omi gbígbóná ń dà sí i lẹ́sẹ̀, ó ti kú.

Kí n tó figbe ta, mo kọ́kọ́ yọ aṣọ náà.

Làmídì ní òun lòun pa ìyá òun. Ohun tó ń wí nìyẹn títí ó fi kú, èmi ni mo sì máa ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.