Ilé Tí Wọ́n Fi Mí Jẹ́rìí Sí

N kì í mú ẹni tó ń wá ilé gba ẹ̀yìnkùlé. Iwájú ni mo máa ń mú wọn gbà, lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá kọjú sí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán. Màá ṣí ẹ̀rọ omi kí wọ́n rí i pé ó ń yọ. Màá tan iná bí iná bá wà. Ìbéèrè wọn kì í ju mẹ́ta lọ: ṣé omi wà, ṣé mítà kálukú dá dúró, ṣé onílé ń gbé inú ilé. Bí mo bá ti ní onílé kì í gbé ibẹ̀, ojú wọn á tàn, torí kò sí ayálégbé Èkó tó fẹ́ kí onílé máa ka àlejò fún òun. Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí pé kí ló mú bàbá onílé náà kúrò nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́.

Èmi mọ̀. Òpó kan wà lẹ́yìn, lábẹ́ àtẹ̀gùn, tó ti là láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ mi lè tó. Nígbàkúùgbà tí yàrá kan bá ṣófo, bàbá á rán bíríkìlà wá, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì dí i, wọ́n á kùn ún. Bí òjò bá fi máa rọ̀ fún oṣù kan, ó ti tún là. Irin inú rẹ̀ ti dípẹtà. Mo ti fi ìka kàn án, ó ń bó bí èèpo ẹ̀pà.

Ọ̀rọ̀ òpó kì í ṣe eré lọ́dọ̀ mi. Ilé alájà mẹ́ta tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Mushin wó. Mo jáde lọ ra búrẹ́dì ni. Nígbà tí mo padà dé ìkóríta, mo rí eruku, mo rò pé ẹnì kan ń sun pàǹtí. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá onílé yìí, tó jẹ́ ará ìlú wa, fún mi ní yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n máa bá òun mójú tó ilé, kí n máa bá òun wá ayálégbé. Bí mo ṣe di éjẹ́ǹtì nìyẹn. Ìdílé mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí yàtọ̀ sí mi, èmi ni mo sì mú gbogbo wọn wọlé.

Lóṣù tí mo kọ́kọ́ rí òpó náà, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ohun tójú ẹ rí ni ò jẹ́ kójú ẹ ríbi tó dáa mọ́. Àbí ibòmíì wà tó o fẹ́ lọ?”

Kò sí. Mo ń wọ aṣọ ìjáde sùn, mo sì ń fi bàtà sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tí mi ò tètè rí ni bó ṣe ń lò mí. Bí ẹni tó ń wá ilé bá ń ṣiyèméjì, á nawọ́ sí mi. “Ẹ wo obìnrin yìí. Ilé tó ń gbé tẹ́lẹ̀ wó. Ṣé irú wọn á tún sùn sínú ilé tí ò lágbára?” Wọ́n á wò mí, wọ́n á mirí, wọ́n á buwọ́ lùwé. Èmi á máa wo ilẹ̀.

Nígbà tí yàrá ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ṣófo, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba wá wò ó. Ó lóyún, oyún náà sì ti yọ síta. Àpárá ló kún ẹnu rẹ̀.

“Àǹtí, yàrá yìí kéré o. Tí mo bá bímọ tán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọkọ mi á máa dúró sí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn nínú ilé yẹn. Ó wá gbá ògiri kan jẹ́jẹ́. “Ibí ni màá gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sí.”

Ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni òpó náà wà.

Bàbá dé pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ó jókòó sórí àga rọ́bà níwájú ilé, ó sì sọ̀rọ̀ mi bó ṣe máa ń sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà yíjú sí mi, bíírò lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Mi ò mọ̀. Ṣé ọkàn yín wá balẹ̀ níbí?”

“Ọdún kẹrin ẹ̀ rèé,” bàbá ló dáhùn. “Ṣé o ò rí i bó ṣe sanra ni?”

Ọmọ náà ò wò ó. Èmi ló ń wò. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, mi ò níbi tí màá sùn mọ́.

“Rárá,” mo ní. “Kò balẹ̀. Òpó tó wà lẹ́yìn ibi tó o fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sí ti là. Wá, kí n fi hàn ẹ́.”

Ó tẹ̀lé mi lọ sẹ́yìn. Ó wò ó. Ó ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí,” ó fún mi ní bíírò náà, ó sì gba ẹnu géètì jáde láì kí bàbá.

Bàbá ò pariwo. Ó ká ìwé rẹ̀. “O káre. Kí n má bá ẹrù ẹ níbí lọ́jọ́ Sátidé.” Kó tó dé ẹnu géètì, ó ti ń pe éjẹ́ǹtì mìíràn lórí fóònù.

Nígbà tí mo gbójú sókè, obìnrin aránṣọ tó ń gbé òkè wà lórí àtẹ̀gùn, ó pọn ọmọ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ fi òpó han ẹni tí ò tíì wọlé. Àwa ńkọ́?”

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí, mo ní mi ò níbi tí mo fẹ́ lọ.

“Àwa náà ò níbi tá a fẹ́ lọ. Ẹ̀yin lẹ ní kọ́kàn wa balẹ̀.”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Bàbá ń sọ ọ́, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ dákẹ́. Kí ni ìyàtọ̀?”

Mo mú un lọ sẹ́yìn. Ó fi ìka kan irin náà, ó sì wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n máa bọ̀, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún àwọn mẹ́ta tó kù. A gòkè. Mo kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ wá ṣí i. Gbogbo ara mi ń sọ pé kí n yí padà, àmọ́ aránṣọ náà dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn tóóró, kò sí ibi tí mo lè gbà.