Ẹyẹ Olórùka

Mo rántí ìgbà tí bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, fi fìlà gbé ẹyẹ kan wọlé, ní ọjọ́ kejì tí òjò ọ̀wàrà ṣí òrùlé ilé mẹ́ta ní àdúgbò wa n'Ìwó. Etí adágún omi tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí ló ti rí i. Ẹyẹ funfun ni, orí rẹ̀ dúdú, apá rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Kì í ṣe lékeléke. Òrùka irin kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n kọ lẹ́tà òyìnbó àti nọ́ńbà sí. Bàbá kékeré ti ń wá ọ̀bẹ. Ó ní kí òun tètè ṣe bisimilá sí i kó tó kú fúnra rẹ̀. Ìyá mi dá a dúró.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ ò rí i pé àlejò ni? Omi la kọ́kọ́ ń fún àlejò."

Ó bu omi sínú àwo, ó ń fi ìka kán an sí ẹyẹ náà lẹ́nu. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, ó ní òun fẹ́ sọdá òkun sí ìlú òyìnbó. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí a gbóhùn rẹ̀ kẹ́yìn.

"Bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀," ni ìyá mi wí fún mi.

Àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì ń daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, mo sì wà nílé, ìmọ̀ kún orí mi dẹ́nu. Mo wo òrùka náà, mo ní nọ́ńbà fóònù ìlú òyìnbó ni. Mo tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Mo fi òdo méjì ṣáájú rẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ kò lọ. Ìyá mi jókòó tì mí, ó ti tún gèlè rẹ̀ wé dáadáa bí ẹni tó ń lọ kí àna. Títí di òní, bí mo bá rántí gèlè yẹn, ó máa ń dùn mí.

Ìgbà tí mo wá wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo rí i pé àwọn tó ń tọpa ẹyẹ òkun ló ń fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀. Láti ìlú òtútù ni àwọn ẹyẹ náà ti ń fò wá sí etíkun wa lọ́dọọdún. Ìjì ló gbé tiwa dé Ìwó. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ fún ìyá mi.

"Ẹni tó fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀ ń retí rẹ̀ nìyẹn," ló wí. "Àjò ò dùn kónílé má relé. Tó bá ti lágbára, ká jẹ́ kó máa lọ."

Bàbá kékeré tó fẹ́ dúńbú rẹ̀ ló ń wá ẹja wẹ́wẹ́ fún un fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, a gun ọ̀kadà gbé e padà sétí adágún. Ó yípo lókè omi lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba ọ̀nà òkun lọ.

Mo fi nọ́ńbà òrùka náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín, mo sì gbàgbé. Nígbà tí àgbàdo tuntun jáde, ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí fèsì láti òkè òkun pé ẹyẹ náà ti padà síbi tó ń yé sí. Orí ẹní ìrun ni ìyá mi wà nígbà tí mo kà á fún un. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, n kò rí i kó sunkún rí. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló nu ojú.

"Alihamudulilai," ló wí. "Ọ̀kan ti délé."

Èmi náà ti di ìyá ọmọ báyìí, a kò sì tíì gbóhùn ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run ni pé, ẹnikẹ́ni tó bá rí i létí omi ìlú wọn, kó fún un lómi kó tó bi í léèrè ibi tó ti wá.