Ọkọ̀ Tó Lè Dúró Lójú Kan

Òórùn ọ̀dà gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn létí omi dáàmù kan tó wà lápá Ìkọ̀lé lọ́hùn-ún, kí òórùn ẹja yíyan tó dé. Inú agolo bisikíìtì àtijọ́ ni àwọn apẹja ti ń yọ́ ọ̀dà náà lórí iná igi. Wọ́n á ki òwú bọ àlàfo àárín pátákó ọkọ̀, wọ́n á wá da ọ̀dà lé e lórí kí omi má bàa ráyè wọlé. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ayé pariwo ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tán ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà, ètè mi ti là, omi ti fà sẹ́yìn, orí àwọn igi tí wọ́n ti kú sínú omi látijọ́ sì ti yọ síta. Èmi àti ìyá mi la jọ lọ. Ìwọ náà mọ̀ wá, àwa ará orí òkè: omi tó bá ti kọjá orúnkún, orúkọ Jésù la fi ń wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, àwa méjèèjì yìí náà la wá yan ọkọ̀ ojú omi.

Abẹ́ omi yẹn ni oko kòkó bàbá mi wà, àti abà tí wọ́n ti tọ́ wa. Bàbá ti kú kí ìjọba tó sé odò náà. Ìyá mi nìkan ló di ẹrù ìkẹyìn, tó kó o wá sí abúlé tuntun ẹ̀bá títì, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè iṣu. Mi ò gbọ́ kó ráhùn rí. Obìnrin tí kì í béèrè nǹkan ni. Tí o bá ra aṣọ fún un, á ní èyí tí òun ní kò tíì gbó. Tí o bá ra ẹran, á pín in fún àwọn aládùúgbò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àbúrò mi ti Èkó àti Ìbàdàn wá sílé fún Kérésì, tí a bi í léèrè ohun tó fẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń bi í lásán, tó wá dáhùn pé ọkọ̀ ojú omi ni, ẹ̀rín pa wá títí omi fi bọ́ lójú wa.

"Apẹja á máa fi ṣe uṣẹ́," ó ní, "èmi á máa rí ẹja yan tà. Kí lẹ wá ń rẹ́rìn-ín sí?"

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, a sì gbà. Èmi tí mò ń ṣe tíṣà ní Ìkọ̀lé ni mo sún mọ́ ọn jù, wọ́n ní kí n bá a lọ yàn án. Inú mi dùn sí i, kí n má purọ́. Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo ti ya àwòrán ọkọ̀ sójú bọ́ọ̀dù láìmọye ìgbà, mo ti ṣàlàyé ìdí tí ọkọ̀ onírin ńlá fi ń léfòó tí òkúta kékeré fi ń rì. Mi ò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé mi, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Apẹja tó mú wa wo ọkọ̀ jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ tó ti bá wa gbé pẹ́ débi pé ó ti ń pe ilé ní ulé bíi tiwa. Ọkọ̀ mẹ́ta ló tò sórí yanrìn. Èkíní ni wọ́n gbẹ́ látara odindi igi kan; ó gùn, ó tín-ín-rín, ó sì wúwo gan-an. Èkejì jẹ́ ti pátákó, tuntun, imú rẹ̀ ṣóńṣó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga dáadáa, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ̀kẹta ni mi ò kà sí ọkọ̀ rárá. Ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti ọpọ́n ìfọṣọ lọ, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́ta. Apẹja náà ní ibi tí omi kò bá ti jìn ni wọ́n ti ń lò ó, létí bèbè àti láàárín kùkùté, nítorí pé ìdí rẹ̀ kì í lọ sísàlẹ̀ púpọ̀.

Ọkọ̀ yẹn gan-an ni ìyá mi lọ bá tààrà. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú rẹ̀ lórí yanrìn gbígbẹ, ó jókòó, ó wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo apẹja náà.

"Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ báyìí lórí omi, ṣé kò ní dà mí nù?"

"Kò ní dà yín nù, Màmá. Èyí kì í mì."

"Ṣé ó lè dúró lójú kan?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Tí a bá ti ki ọ̀pá mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, á dúró títí ẹ ó fi ní ó tó. Ṣùgbọ́n èyí tó ń sáré làwọn èèyàn ń wá o, Màmá."

Mo dá sí i. Mo ní ọkọ̀ yẹn ti gbó. Mo ní kó wo ẹ̀gbẹ́ ti pátákó tuntun yìí bó ti ga tó, pé omi kò lè dà sínú rẹ̀. Mo wá igi kékeré kan, mo fi ya àwòrán sórí yanrìn, mo ń ṣàlàyé bí imú ṣóńṣó ṣe ń la omi, bí ẹni pé ìdánwò wà lọ́la. Ìyá mi fi sùúrù gbọ́ mi tán. Ó lọ síbi ọkọ̀ gíga náà, ó ní kí apẹja ran òun lọ́wọ́ wọ inú rẹ̀, ó jókòó, ó na ọwọ́ kọjá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà kò sún mọ́lẹ̀ rárá.

"Ó ga jù, tíṣà. Ọwọ́ mi kò ní kan omi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ọwọ́ ṣe nínú omi, Màmá?"

Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó wo apẹja náà, ó wò mí, ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ṣe é bí o ti fẹ́," ó ní. Takisí tó gbé wa wá ti ń fun fèrè lójú títì, oòrùn ti ń mú, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé ojo ló ń ṣe ìyá mi. Ọkọ̀ onímú ṣóńṣó la rà.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní kí apẹja gbé òun lọ wo ibi tó ń dẹ àwọ̀n sí. Apẹja fúnra rẹ̀ ló ròyìn fún mi. Ó ní bí wọ́n ti kúrò ní bèbè ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìyá mi di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, kò lè fi èyíkéyìí sílẹ̀. Kò wo àwọ̀n, kò béèrè ẹja. Àgbọ̀n ló fi ń júwe ọ̀nà fún un, ó ń tọ́ka síbi tí orí igi gbígbẹ pọ̀ sí jù. Kùkùté sì kún ibẹ̀, ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ jìn kò lè wọ̀ ọ́, bí wọ́n ti kan àkọ́kọ́ báyìí ni ọkùnrin náà yí padà. Ó ní ẹ̀yìn ni Màmá ń wò títí wọ́n fi dé èbúté.

Nígbà tí mo lọ kí i ní ọjọ́ Sátidé, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń pè é ní ìyá apẹja. Ó bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá bi mí bóyá a lè fi èyí tí a rà pààrọ̀ pẹrẹsẹ ọjọ́ yẹn. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wà lórí itan mi, mò ń máàkì í, mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Wọ́n á ti rà á, Màmá," mo dá a lóhùn. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Mo kàn sọ ọ́ ni. Ó ní kò burú, pé tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn.

Òjò dé, omi dáàmù kún, ó bo orí gbogbo igi yẹn mọ́lẹ̀. Ní àsìkò àgbàdo tútù, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá mi. Kò pẹ́ lórí àìsàn. A sin ín lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, èrò pọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, àwọn àbúrò mi sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Àbúrò ìyá mi, èyí tó ń gbé ní Ùsì, ló dúró tì mí láti ká aṣọ rẹ̀. Ìró kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń ká, ló bá bi mí láìwò mí pé ṣé ẹ̀gbọ́n òun padà dé ibẹ̀. Mo ní ibo? Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà yẹn ló sọ fún mi.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan tó tẹ̀lé mi, tí ibà pa ní abà nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Mo rántí pé ó máa ń jẹ yanrìn. Ohun tí mo rántí kò ju ìyẹn lọ, nítorí orúkọ rẹ̀ kò tún jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. Ìwọ náà mọ̀ bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa: ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn án. Wọ́n ti ìyá mi mọ́ inú yàrá, àwọn obìnrin yí i ká, bàbá mi àti ọkùnrin kan gbé ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró ọkọ́. Ó gbọ́ ibi tó ti ń dún. Gbogbo ọdún tó fi wà ní abà lẹ́yìn náà, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù kòkó lórí, kò yíjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì jẹ́ kí bàbá mi fura pé òun mọ̀. Bí igi bá yọ orí nínú omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló fi ń dá ibẹ̀ mọ̀ láti orí bèbè.

"Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, èèwọ̀ ni," àbúrò ìyá mi wí. "Ó ní, 'Omi ni mo fẹ́ wò, kì í ṣe ulẹ̀. Ta ló máa wá ní mo rí ojú oórì ọmọ mi?' Ó ní òun kàn fẹ́ fi ọwọ́ kan omi lókè ibẹ̀. Ó ní ọmọ náà kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kọ́ ló fi í sílẹ̀."

Mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Kì í ṣe nítorí pé ìyá mi kú, àgbà ni. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ń gbowó oṣù, ó tẹ̀ sórí yanrìn fi hàn mí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ya àwòrán fún un.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé, mo lọ bá apẹja náà. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ yẹn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ sábẹ́ igi. Kò sẹ́ni tó rà á. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé mi wọ inú rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tì í lọ, a wọ àárín kùkùté láìkan ọ̀kan. Kò mì. Ibi tí ìyá mi fi àgbọ̀n júwe la lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ fẹ̀, àwọn igi gbígbẹ ibẹ̀ lé ní ogún, gbogbo wọn sì jọra lójú mi.

"Ṣé ibí ni?" apẹja bi mí, ó ti gbé ọ̀pá sókè láti ki í mọ́lẹ̀.

Mo ní mi ò mọ̀. A lọ síwájú díẹ̀, ó tún bi mí, mo tún ní mi ò mọ̀. Bàbá mi ti kú, ọkùnrin tí wọ́n jọ gbẹ́ ilẹ̀ náà ti kú, ìyá mi sì ti lọ láìtọ́ka síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ń gbé ẹ̀bi ọkọ̀ tí mi ò bá a béèrè kiri láti ọjọ́ tí a ká aṣọ rẹ̀, mo rò pé ìyá mi nìkan ni mo ṣẹ̀. Orí omi yẹn ni mo ti mọ̀ pé àwọn méjì ni. Ọmọ kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù láyé tó mọ ibi tó wà, èmi ni mi ò sì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.