Ilẹ̀ Sàréè Méjì ní Ìkàrẹ́

Ṣọ́bìrì ló ṣẹ́ apá ọ̀tún Naomi. Inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún bàbá rẹ̀ ló dúró sí, ní itẹ́ òkú ìjọ kan ní Ìkàrẹ́, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo àwọn tó wá sìnkú.

Aránṣọ ni Naomi, Ọ̀kà ló ń gbé, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, Jesse Ògúnlànà, ní Ìkàrẹ́ títí ara fi kọ iṣẹ́. Jesse fúnra rẹ̀ ló ra ilẹ̀ sàréè méjì lọ́wọ́ ìjọ náà nígbà tó ṣì lágbára. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti ṣe ìrìbọmi nìkan ni ìjọ ń kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé. Jesse kò tíì ṣe é, wọ́n bá fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ẹ̀ríolúwa, sí i. Wọ́n sin ìyá Naomi sí ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò janpata. Nígbà tó yá, Ẹ̀ríolúwa náà kú, kò sì sẹ́ni tó rántí ìwé.

Àfi lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sin Jesse. Caleb, ọmọ Ẹ̀ríolúwa, dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta tó mú àdá lọ́wọ́.

“Ẹ gbé pósí yẹn padà,” ó wí. “Orúkọ bàbá mi ló wà lórí ìwé. Mo ti ta ilẹ̀ náà.”

Àwọn tó ń gbẹ́ kòtò sá. Naomi bọ́ sínú rẹ̀. “Èmi lo máa kọ́kọ́ sin síbí,” ó ní.

Láti kékeré ni Caleb ti ń pè é ní àǹtí. “Àǹtí Naomi, ẹ jáde.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, “Jáde níbẹ̀, ìwọ obìnrin yìí,” ló wí, ó sì gbé ṣọ́bìrì. Naomi na apá sókè kó má bàa bà á lórí. Ó gbọ́ bí egungun náà ṣe dún kó tó mọ̀ ọ́n lára. Mujeeb, ọkọ rẹ̀, fò mọ́ Caleb, ó fún un lọ́rùn. Ọ̀kan nínú àwọn aládàá náà ṣá Mujeeb léjìká, ẹ̀jẹ̀ sì ta sára pósí. Ìsìnkú tú ká. Wọ́n dá Jesse padà sí mọ́ṣúárì, wọ́n sì gbé tọkọtaya náà lọ sí ọsibítù. Ọlọ́pàá mú Caleb; ní ọjọ́ kẹta, onídùúró gbà á sílẹ̀.

Pẹ̀lú apá tí wọ́n dì ni Naomi fi lọ bá Bàbá Ọlálérè, akọ̀wé itẹ́ òkú ìjọ náà. Bàbá ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tọ orúkọ Ẹ̀ríolúwa.

“Ọmọ mi, mo mọ̀ pé bàbá rẹ ló rà á. Ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí kì í ṣe ìwé. Ọmọ méjì ni Ẹ̀ríolúwa bí. Kí àwọn méjèèjì lọ búra ní kóòtù pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀, a ó kọ tuntun lórúkọ rẹ.”

“Caleb náà, sà?”

“Caleb náà.”

Ọmọ kejì ni Ìbíyínká, tíṣà obìnrin ní Àjọwá. Naomi lọ bá a, ó sì fi apá tí wọ́n dì hàn án. “Àǹtí, bàbá wa sọ fún wa kó tó kú pé ti àbúrò òun ni. Caleb wà níbẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí kóòtù, ó búra, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí Caleb fi ká a mọ́lé. Ó gbá eyín iwájú rẹ̀ méjì yọ, ó fi irun wọ́ ọ jáde, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ níkùn nígbà tí àwọn aládùúgbò dé. Ọmọ odó ni wọ́n fi lù ú kó tó fi í sílẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ igi títí ọlọ́pàá fi dé.

Láti àtìmọ́lé ni Caleb ti ránṣẹ́: bí Naomi bá fa ẹjọ́ rẹ̀ padà, òun á fọwọ́ sí ìwé. Naomi fẹ́ kó jẹrà sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n oṣù kẹta rèé tí bàbá rẹ̀ ti wà ní mọ́ṣúárì. Ó lọ bá Ìbíyínká lórí ìbùsùn ọsibítù.

“Ẹ fa tiyín padà,” Ìbíyínká wí pẹ̀lú ẹnu tó wú. “Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i. Ẹ má sọ fún un pé èmi ò ní fa tèmi.”

Mujeeb náà fa tirẹ̀ padà, ṣùgbọ́n tipátipá ni.

Ní kóòtù, Caleb búra, ó fọwọ́ sí i. “Àǹtí, ó ti parí báyìí?” ó bi í.

Ó ṣe Naomi bíi kó fi bírò tó fi fọwọ́ sí i gún ọwọ́ Caleb. Ó mú ìwé náà, ó tì í sínú báàgì. “Láàárín èmi àti ìwọ, ó ti parí.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ẹjọ́ Ìbíyínká. Ó dìde, ó la ẹnu kí adájọ́ rí i. Caleb yíjú wo Naomi, Naomi ò sì gbé ojú kúrò. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni adájọ́ dá fún Caleb.

Wọ́n sin Jesse ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Orúkọ Naomi ló wà nínú ìwé ìjọ báyìí. Apá náà ti jiná, ṣùgbọ́n ó wọ́, kò lè fi gé aṣọ tó nípọn mọ́. Pásítọ̀ ti bi í bóyá ó ti dárí ji Caleb. Ó ní rárá, òun ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nípa rẹ̀.