Àmì Tó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ àti Itọ́

Lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti ìkejì mi tí a jọ jẹ́ ìbejì ní Igbó-Ọrà, wọ́n ní kí a tún tutọ́ sínú ìgò. Ìkejì mi fẹ́ máa lọ. "Àrùn lẹ rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi tí ẹ ń fi pamọ́."

Ọmọbìnrin kan nínú wọn tó gbé ìgò dání rọra kọ igba, igbá àti ìgbà sórí bébà. "Mọ̀mí, ẹ wò ó, lẹ́tà kan náà ni, àmì ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ẹ jogún ṣe rí nínú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́. Àmì ló ń sọ bí ara yóò ṣe kà á. Àmì inú ẹ̀jẹ̀ yín la fẹ́ fi wé ti inú itọ́ yín."

Mi ò gbọ́ àlàyé tó yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìkejì mi gba ìgò, ó nàka sí mi, ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé, "Má fi àmì tèmi sórí ti ẹni yìí o!"