Páàdì Orúnkún Tí Ìyá Téèpù Rà

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, òun náà nìyẹn. Aránṣọ ni. Ìyá Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì bínú sí i. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, nísàlẹ̀ ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé: máṣíìnì kan lójú fèrèsé, àti tábìlì ìgéṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí wọ́n fi páálí gbé dúró. Kò sí àṣírí ara tí kò mọ̀. Ó mọ èjìká tó ga ju èkejì lọ, ó mọ ikùn tó ń yọ tí ẹni tó ni ín ṣì ń sẹ́. Ní ti ọkọ rẹ̀, ó lè ránṣọ fún un kó má wọ̀n ọ́n rárá.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kan fi gún un lára.

Iṣẹ́ lẹ́tà pínpín ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, ẹnikẹ́ni ì bá rò pé kẹ̀kẹ́ á ti sú u. Àfi bó ṣe bá àwọn kan pàdé tí wọ́n máa ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè ẹ̀yìn ìlú, tí wọ́n ń já wálẹ̀ láàárín gbòǹgbò igi àti òkúta. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá di ọmọdé. Gbogbo Sátidé ló ń bá wọn lọ. Ìyẹn nìkan kò dun Ìyá Téèpù. Ohun tó dùn ún ni pé bí ọkọ rẹ̀ bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, obìnrin nọ́ọ̀sì yẹn, ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀: nọ́ọ̀sì sọ báyìí, nọ́ọ̀sì ṣe tọ̀hún, nọ́ọ̀sì já òkè kan wálẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù.

"Nọ́ọ̀sì yìí, ṣé kò nílé ni?" ni Ìyá Téèpù bi í lọ́jọ́ kan.

"Ó nílé. Òun ló kàn ń ṣáájú wa."

Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹun, ni ọkọ bá tún gbé ọ̀rọ̀ dé. "Nọ́ọ̀sì ní kí n ra páàdì orúnkún àti ti ìgúnpá kí n tó tún gun òkè, kí ara mi má baà bó tí mo bá ṣubú. Ó ní ìwọ̀n kékeré ló máa bá mi mu."

Ìyá Téèpù gbé ṣíbí sílẹ̀. "Báwo ló ṣe mọ̀?"

"Ó wọ̀n mí."

"Kí ló fi wọ̀n yín?"

"Téèpù."

Ká ní ọkùnrin yìí gbọ́n ni, ì bá ní ojú lásán ni nọ́ọ̀sì fi wò ó. Téèpù kẹ̀! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ni obìnrin náà ń sọ nínú ara rẹ̀. Obìnrin wo ló ń fi téèpù yí ẹsẹ̀ ọkọ aránṣọ ká? Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́: owú ni. Ó jowú títí oúnjẹ fi tutù níwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde," ló wí. Ó ká ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ sókè, ó wọn orúnkún, ó wọn ìgúnpá. Lẹ́yìn náà ló fi díẹ̀ lé ohun tí téèpù sọ, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ gbogbo ṣe ń ṣe, torí aṣọ tí a bá gé mọ́ ara gẹ́lẹ́, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní lè jókòó. "Kékeré kọ́ ni yín. Màá lọ rà á fúnra mi."

Ẹni tó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ kó oríṣiríṣi síwájú rẹ̀. Èyí tó ní ike líle lójú wà fún àwọn tó ń já òkè wálẹ̀. Èyí tó jẹ́ fóòmù nìkan fúyẹ́ fún ẹni tó ń gùn ún lọ sókè. Ìyá Téèpù tú wọn yẹ̀ wò, ó wo ojú rírán wọn, kò rí àbùkù kankan. Ó wá sọ ìwọ̀n.

"Mà, ṣé ẹ ò fi nǹkan kún un ṣá?" ni ọlọ́jà bi í. "Páàdì kì í ṣe ṣòkòtò. Ó gbọ́dọ̀ di ẹsẹ̀ mú. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á lóṣòó, á fà á wálẹ̀. Tó bá ti kúrò lójú kan, ó tóbi nìyẹn."

Ìyá Téèpù gbọ́ ọ yé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò yé e. Ṣùgbọ́n bó bá mú kékeré, a jẹ́ pé nọ́ọ̀sì mọ ẹsẹ̀ ọkọ òun ju òun lọ.

"Ńlá ni kẹ́ ẹ fún mi," ló wí.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ ọ́ nínú yàrá, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó wo orúnkún, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Ó dáa," ló wí.

Ní Sátidé, Ìyá Téèpù wà nídìí máṣíìnì nígbà tó rí wọn lójú fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ ń tiro, wọ́n ti fi báńdéèjì di orúnkún rẹ̀ kan, páàdì sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó. Nọ́ọ̀sì ló dì í mú lábẹ́ apá. Kí n má parọ́, ọwọ́ yẹn ni Ìyá Téèpù kọ́kọ́ rí kó tó rí báńdéèjì.

"Ẹ kúulé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bẹ̀rù, egungun ò ṣẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹ ṣé. Ẹ fi sílẹ̀, mo ti dì í mú."

Nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀. "Mo rí i pé páàdì yẹn ń yọ̀ ká tó já wálẹ̀. Mo ní òmíràn nínú báàgì, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n ní rárá, ìyàwó àwọn ló wọn tàwọn."

Ìyá Téèpù yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé ó tóbi?"

"Láti inú yàrá ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Tí mo bá sọ, nọ́ọ̀sì ló jàre nìyẹn. Ṣé wàá sùn?"

Ojú ti Ìyá Téèpù, owú náà kò sì kúrò. Ìtìjú àti owú jọ wà nínú rẹ̀ ni. Ó mú ọkọ rẹ̀ jókòó, ó fa àga fún nọ́ọ̀sì, ó wá bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn.

"Ibo lẹ fi téèpù sí lọ́jọ́ náà?"

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ tí kò fara pa.

"Ẹ fẹnu júwe ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀rín ń pa nọ́ọ̀sì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Òkè orúnkún, níbi tí ẹran itan ti bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Téèpù wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Kò fi nǹkan kan lé e. Ó bọ́ páàdì náà, ó tú ojú rírán rẹ̀, ó gé e wọlé, ó fi máṣíìnì rán an padà, ó sì fà á wọ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tí kò fara pa.

"Ó fún mi jù," ni ọkọ wí.

"Ẹ jẹ́ kó fún yín." Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ fà á wò."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á wálẹ̀. Kò kúrò lójú kan. Ìyá Téèpù dúró tì wọ́n, ó ń wo ọwọ́ náà títí tó fi kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀.